Ibùdó ìpàgọ́ ní agbègbè Àjàṣẹ́

Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Gùn (Ègùn) sì ń pè ní Hogbonou, ni olú-ìlú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cotonou ni ìjọba ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà, ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí Cotonou. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 264,320 níbẹ̀. Ibùdó tí wọ́n dìídì ṣe fún àgọ́ àti ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ààyè ìdáná nínú, ṣọ̀wọ́n ní agbègbè yìí. Àgbàlá ni arìnrìn-àjò ń yàn ní tòótọ́: àgbàlá ilé ìtura, ti ilé àlejò ìjọ, ti oko, tàbí ti onílé tó gbà kí àlejò gbé ọkọ̀ wọlé.

Ilẹ̀ àti omi

Ilẹ̀ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò kó tó béèrè owó. Orí ilẹ̀ pupa tó ga díẹ̀ ni àárín ìlú àti àdúgbò Ouando wà. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń rọra dà sísàlẹ̀ títí dé etí ọ̀sà, àfonífojì Zounvi tí omi máa ń dúró sí sì wà láàárín ilé. Etí ọ̀sà dùn ún wò, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń sáré síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò Àjàṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń mú omi ibẹ̀ kún. Odò Ouémé, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 510, ló ń kó òjò àríwá wá sínú adágún Nokoué, adágún náà àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ sì so pọ̀. Ní gúúsù, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta títí di oṣù Keje, á dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á sì tún padà wá. Ní àríwá, oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án gan-an ni òjò ń le. Omi yẹn á rin ìrìn tirẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, oòrùn lè máa ràn ganrínganrín ní Àjàṣẹ́ lóṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá kí omi ọ̀sà sì máa gòkè bọ̀ ní ilẹ̀ tó gbẹ lánàá. Àwọn ará Aguégués, tí èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àjàṣẹ́ lọ bá, mọ ìgbà tó ń bọ̀, orí òpó ni wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọn sí. Àgọ́ kò ní òpó.

Ara ògiri ni ẹ̀rí máa ń wà. Nínú àgbàlá tó sún mọ́ omi, ibi tí àkúnya dé máa ń hàn bí ìlà aláwọ̀ ẹrẹ̀: ọ̀dà òkè rẹ̀ mọ́, ti ìsàlẹ̀ ti ṣí kúrò, ìdọ̀tí àti koríko gbígbẹ á sì há sára wáyà ọgbà. Bí ìlà náà bá ga dé ìdajì táyà ọkọ̀, òkè Ouando ló yẹ kéèyàn dorí kọ. Bí onílé bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri rẹ̀, ẹ bi aládùúgbò léèrè.

Ilẹ̀ òkè náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìjọba ti da ọ̀dà sí òpópónà púpọ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n sì tẹ́ òkúta sí àwọn mìíràn, àmọ́ àwọn ọ̀nà inú àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní von jákèjádò gúúsù Benin, ṣì pọ̀ tó jẹ́ ilẹ̀ pupa lásán. Lẹ́yìn òjò, wọ́n a máa yọ̀ bí ilá. Kí ẹni tó wa ọkọ̀ gígùn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín dé ẹnu géètì, kó wo bí géètì ṣe fẹ̀ tó àti bí wáyà iná ṣe rọ̀ tó.

Àwọn ibi tí àlejò ń dé sí

Ibi tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ni Centre Songhaï ní Ouando, oko ìkẹ́kọ̀ọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ ẹgbẹ́ Dominican nínú ìjọ Kátólíìkì, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Wọ́n ń sin ẹran àti ẹja níbẹ̀, wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná, wọ́n sì ní yàrá àlejò àti ilé oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ sun inú ọkọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn sọ ọ́ kó tó wọlé. Ọjà Ouando wà nítòsí, nítorí náà oúnjẹ kì í ṣòro. Adjarra, níhà ìlà-oòrùn ìlú, dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn agbẹ́lù pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé àlejò kiri lórí Odò Dúdú.

Ariwo àti àkókò ṣe pàtàkì. Àárín ìlú ni mọ́sálásí ńlá tí wọ́n kọ́ lọ́nà ti àwọn tó ti Brazil dé wà, ìpè àfẹ̀mọ́júmọ́ kì í sì í yẹ̀. Àjàṣẹ́ ni Samuel Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́, àwọn aláṣọ funfun a máa ya lọ sí etí òkun Sèmè, ibẹ̀ kò sì ní rí bí ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ṣe rò ó. Nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ni ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣe. Zangbeto, olùṣọ́ òru àwọn Gùn, ṣì ń jáde ní àdúgbò kan, Orò náà ń jáde láàárín àwọn Yorùbá, obìnrin kò sì gbọ́dọ̀ fojú kàn án. Olórí àdúgbò ló mọ alẹ́ tí yóò jáde. Ẹ̀fọn pọ̀ létí ọ̀sà àti ní Zounvi, nẹ́ẹ̀tì kò sì ṣeé fi sílẹ̀.

Iná, epo àti ìwé ọkọ̀

Iná SBEE, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Benin, jẹ́ 220 fóòtì (volt), ihò iná rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, kò gba púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Nàìjíríà. Omi SONEB, ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ Benin, tàbí kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ àgbàlá ń lò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ilé ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ bá onílé sọ̀rọ̀ nípa ibi tí yóò dà á sí, nítorí ọ̀sà kọ́ ni ibi ìdàgbẹ́.

Kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì létí títì, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí ní Sèmè-Podji, ó sì pa ju ènìyàn 30 lọ.

Àwọn tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ń gba Sèmè-Kraké tàbí Idiroko àti Igolo. Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè yìí pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ti Sèmè ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ti Idiroko sì di ọdún 2022. Ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ (Brown Card) ti ECOWAS, ìdánilójú (ínṣọ́ránsì) ìjàǹbá ọkọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ní Cotonou ní ọdún 1982. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìdánilójú nílé ló yẹ kó ti gbà á kó tó dé ẹnubodè.