Ìtọ́kasí Púpọ̀ Kọ́ Ló Ń Sọ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Di Àgbà Ọ̀jẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ojú ewé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan lórí Google Scholar, ìkànnì tó ń ṣàkójọ iṣẹ́ ìwádìí, nọ́ńbà lẹ máa kọ́kọ́ rí: iye ìgbà tí àwọn olùwádìí mìíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn èèyàn á ní àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Bó bá kéré, wọ́n á ní kò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń fi nọ́ńbà yìí gbani síṣẹ́, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ fi ìgbéga du ẹlòmíì. Èrò náà kò tọ̀nà rárá, ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń ṣèwádìí DNA àti purotéènì, èyí tí wọ́n ń pè ní molecular biology, ló sì jẹ́ ká rí i kedere jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ láyé. Ọdún 1951 ni Oliver Lowry àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Bí a ṣe lè mọ iye purotéènì tó wà nínú omi kan ló ṣàlàyé: ẹ da àwọn kẹ́míkà kan sí i, omi náà á di búlúù, bí búlúù yẹn bá sì ṣe dúdú tó ni purotéènì ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ó tán. Síbẹ̀, nígbà tí jọ́nà Nature to àpilẹ̀kọ 100 tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ ní 2014, òun ló ṣe ìkíní, ìtọ́kasí rẹ̀ sì ti lé ní 300,000. Lowry fúnra rẹ̀ sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ńlá.

Kí ló wá fà á? Gbogbo ilé ìwádìí tó bá lo ọgbọ́n yìí ló máa ń kọ gbólóhùn kan sí abala tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́: "A wọn purotéènì bí Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀." Ìtọ́kasí kan nìyẹn. Èyí tó ṣe ìkejì tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ulrich Laemmli ló kọ ọ́ ní 1970, ohun tó sì ń wádìí ni bí orí fáírọ́ọ̀sì T4, tó máa ń kọ lu bakitéríà, ṣe ń di odindi. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń tọ́ka sí i nítorí fáírọ́ọ̀sì yẹn. Ọgbọ́n tó fi ń ya àwọn purotéènì sọ́tọ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì, kékeré síwájú, ńlá lẹ́yìn, ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀.

Àpilẹ̀kọ tí Watson àti Crick kọ ní 1953 lórí bí DNA ṣe rí ńkọ́? Kò wọ inú 100 yẹn, bẹ́ẹ̀ ìtọ́kasí 12,119 ti tó láti wọ̀ ọ́. Ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, ta ló tún ń tọ́ka sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́?

Àwọn kan á ní h-index ló máa yanjú ẹ̀. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló gbé e kalẹ̀ ní 2005: bí 20 nínú àwọn àpilẹ̀kọ yín bá ní ìtọ́kasí 20 ó kéré tán lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìyókù kò tó bẹ́ẹ̀, 20 ni h-index yín. Ẹ wá wo ẹni tó ní àpilẹ̀kọ mẹ́ta péré, tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 10,000. Mẹ́ta ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Katalin Karikó, olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí mRNA, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì, ló ń bí mi nínú jù. Ní 1995, yunifásítì tó ń bá ṣiṣẹ́ já a wálẹ̀ ní ipò. Ní 2005, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Drew Weissman fi hàn pé bí wọ́n bá pààrọ̀ uridine, ọ̀kan lára èròjà tó para pọ̀ di mRNA, sí pseudouridine tó jọ ọ́, ara kò ní gbógun tì í bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó kíyè sí i nígbà náà kò tó nǹkan. Nígbà tó di 2020, àwárí yẹn wà lára ohun tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára COVID-19 tó ń lo mRNA kà. Ìtọ́kasí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, Ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ lé e ní 2023. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò yí padà nínú àpilẹ̀kọ náà. Bó ṣe jẹ́ òótọ́ ní 2023 ló ṣe jẹ́ òótọ́ ní 2006, nígbà tí ẹni tó ń ka nọ́ńbà ì bá fojú pa á rẹ́.

Ohun tí kò jóòótọ́ náà máa ń kó ìtọ́kasí jọ. Ní January 2014, àwọn olùwádìí kan sọ láti Japan, nínú Nature, pé bí wọ́n bá ki sẹ́ẹ̀lì eku sínú ásíìdì tí kò le, ó lè padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ara. Àwọn ilé ìwádìí mìíràn gbìyànjú ẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Oṣù July ọdún náà ni wọ́n fagi lé e. Ẹni tó sì fẹ́ kọ̀wé pé kò ṣiṣẹ́, ó ní láti tọ́ka sí i ná. Ẹ̀rọ tó ń kà á kò mọ ìyàtọ̀.

Ti impact factor kò gba àríyànjiyàn: ìpíndọ́gba ìtọ́kasí àwọn àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kan ni, kì í ṣe ti ẹni tó kọ̀wé sínú rẹ̀. Ìkéde San Francisco tí wọ́n ń pè ní DORA, tó bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ní 2012, ti ní kí wọ́n má fi wọn ẹnikẹ́ni mọ́.

Bó bá kàn yín láti yẹ iṣẹ́ ẹnì kan wò, ẹ tẹ nọ́ńbà ìtọ́kasí náà, àwọn àpilẹ̀kọ tó tọ́ka sí i á jáde. Ẹ ka mẹ́wàá nínú wọn, ibi tí orúkọ onítọ̀hún ti jẹyọ gan-an. Àwọn kan á ní àwọn lo ọ̀nà ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn tún un ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn tó ń sọ pé inú àwárí rẹ̀ ni àwọn ti rí ìbéèrè tí àwọn ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kódà kí wọ́n má ju méjì lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ń bí iṣẹ́ nìyẹn, ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn yín.