Ìrì Kì í Wo Aago

Bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá lù ní Regina, ní Saskatchewan ti Kánádà, aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà ti lù ní Toowoomba, ní Queensland ti Ọsirélíà. Àlìkámà ni àgbẹ̀ ìhà méjèèjì ń gbìn. Wákàtí 16 ló wà láàárín wọn, kì í sì í yẹ̀ láti January dé December. Ẹni tó bá ní ẹbí ní London mọ̀ pé tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀: lóṣù keje, aago wọn bá ti Èkó dọ́gba, tó bá di oṣù kejìlá, wọ́n á fi wákàtí kan rẹ̀yìn.

Láwọn ilẹ̀ bíi tiwọn, ìjọba máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru, wọ́n á sì dá a padà nígbà òtútù. Wọ́n máa ń sọ pé torí àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sóòótọ́ ńbẹ̀ rárá, ó sì ń dunni pé ẹni tó kọ nǹkan ni wọ́n ń di í rù. Ogun ló bí i: lọ́dún 1916, Jámánì ń wá bí èédú ò ṣe ní tán. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1918, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì gbógun tì í títí Kọ́ńgírésì fi fagi lé e ní 1919, bí Ààrẹ Wilson tilẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ìrì ló fà á tí àwọn àgbẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Láàárọ̀ kùtù, ṣírí ọkà máa ń tutù rinrin. Bí wọ́n bá kó o bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ò ní lè pa á dáadáa. Bó bá sì wọ àká láìgbẹ, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Oòrùn nìkan ló ń gbé ìrì. Sún aago síwájú, ìrì tó ń gbẹ ní aago mẹ́sàn-án á wá máa gbẹ ní aago mẹ́wàá. Lébìrà tó dé ní aago mẹ́jọ á jókòó fún wákàtí méjì, bí aago márùn-ún bá sì lù, á gba ilé lọ, nígbà tí oòrùn ṣì mú, tí ọkà gbẹ táútáú. Màlúù náà ńkọ́? Bí ọmú rẹ̀ ṣe ń kún ló ṣe ń kún, ọkọ̀ tó ń kó wàrà ló ń tẹ̀ lé aago.

Ó dà bí ìyá tó ní kí wọ́n máa pe kóńgò gàrí kan ní méjì. Lọ́jà, ó lè dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti hó, tí wọ́n tẹ ẹ̀bà, tí ọmọ márùn-ún jókòó yí i ká, kóńgò kan náà ni.

Queensland dán sísún aago síwájú yìí wò fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì dìbò lórí rẹ̀ ní February 1992. Ọ̀pọ̀ ará Brisbane, olú ìlú wọn, fẹ́ ẹ, àwọn ará oko kọ̀ ọ́, àwọn tó kọ̀ ló borí.

Ti Saskatchewan ló gbọ́n jù. Òfin wọn ti 1966 fi aago wọn síwájú oòrùn, wọ́n sì fi sílẹ̀ síbẹ̀: ní Regina, ó ń lọ sí aago kan kí oòrùn tó dé àtàrí. Tó bá jẹ́ oòrùn nìkan la fi ṣírò, bíi wákàtí 17 ni ìlú méjèèjì fi jìnnà síra.

Lóṣù karùn-ún, àgbẹ̀ Regina á máa gbin àlìkámà torí pé yìnyín ti yọ́, ilẹ̀ sì ti ń móoru. Lóṣù yẹn kan náà, ti Toowoomba náà á máa gbìn, torí pé òtútù ń bọ̀.