Mímú òjòlá ọ̀sìn mọ́ ọwọ́

Òjòlá ọ̀sìn ni òjòlá tí ènìyàn ń tọ́ nínú ilé, tí kì í sì í sá tàbí gbéjà koni mọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e. Ọ̀kan lára irú tí wọ́n ń sìn jù lágbàáyé ni òjòlá kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius. Ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Senegal títí dé Uganda, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Kò ní oró. Àgbà rẹ̀ sábà máa ń gùn tó 90 sí 150 sẹ̀ǹtímítà, abo máa ń tóbi ju akọ lọ, ó sì lè lo 20 sí 30 ọdún lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá ba òjòlá kékeré, á ká jọ bí òṣùká, á sì fi orí pamọ́ sí àárín. Èyí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: wọ́n á rò pé ó ti fara balẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbẹ̀rù ló ká a jọ. Ejò kì í nífẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tọ́ ọ. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kó rí i léraléra pé ọwọ́ tó ń bọ̀ kò ní pa òun lára, kí ẹ̀rù sì kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dídá a mọ̀

Ní oko àyíká Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ihò òkété àti inú ọ̀gán ni irú ejò yìí fẹ́ràn. Inú igbó kan náà ni paramọ́lẹ̀ ń gbé, òun náà sanra, ó sì ní àmì lára, àmọ́ oró rẹ̀ ń pani. Ara òjòlá ń dán, ó sì jọ̀lọ̀. Ìpẹ́ ara paramọ́lẹ̀ rí gbágungbàgun, àmì ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí ṣóńṣó bí orí ọfà. Ìyàtọ̀ yìí kò tó fún ẹni tí kò mọ ejò láti na ọwọ́ sí èyí tó bá pàdé lóko. Ejò inú igbó tún sábà máa ń ní eégbọn lára, ó sì lè kọ oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà èyí tí wọ́n pa ẹyin rẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú ènìyàn ló dára jù. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú ẹranko nínú ọgbà Old Oyo National Park, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ta òjòlá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ilé àti oúnjẹ

Àpótí tó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ní àgádágodo, tó àgbà kan. Apá kan rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 32°C, apá kejì ní 25°C sí 27°C, ibi ìsápamọ́sí á sì wà ní apá méjèèjì. Ìgbà ọyẹ́ ni wàhálà máa ń pọ̀ jù ní agbègbè yìí. Afẹ́fẹ́ á gbẹ, awọ tí ejò ń bọ́ á ya ní wẹ́wẹ́, òmíràn á sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Kí a má ṣe fi èékánná yọ ọ́. Àpótí kékeré tí a kó koríko tútù sí, tí ejò lè wọ̀, ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí iná bá lọ lóru ọyẹ́, ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé ń ṣe é láǹfààní.

Òkú eku tí kò nípọn ju ibi tó sanra jù lára ejò náà ni kí a fún un: ọmọ kékeré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àgbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Eku ààyè lè gé ejò jẹ. Eku tí wọ́n mú nínú ilé tàbí lọ́jà léwu, nítorí ó lè ti jẹ ọta-pia-pia.

Gbígbé e

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì àkọ́kọ́, àfi láti pààrọ̀ omi rẹ̀. Ìgbà tó bá ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láìbì ni gbígbé bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbé e á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àwọn ihò kéékèèké wà ní ètè òjòlá tó fi ń mọ ibi tí ooru wà. Bí ọwọ́ tó móoru bá tún ń rùn bí eku, oúnjẹ ni yóò kà á sí. Lẹ́yìn náà, á fi ọ̀pá dídán kan ra ejò náà lára jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo tí kì í ṣe àsìkò oúnjẹ, ejò á mọ̀ pé ṣíṣí àpótí kì í ṣe oúnjẹ nígbà gbogbo. Ẹ̀gbẹ́ ni ọwọ́ á ti wá, nítorí pé òkè ni àṣá ń gbà já lé ejò. Ọwọ́ kan á wọ abẹ́ iwájú ara rẹ̀, èkejì á wọ abẹ́ ẹ̀yìn, kí apá kankan má fì dirodiro. A kì í fún un lọ́rùn, a kì í fi ìrù gbé e: eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè bàjẹ́.

Orí ẹní nílẹ̀ ni kí ẹni náà jókòó sí, torí ejò tó bá jábọ́ láti ọwọ́ ẹni tó dúró lè ṣẹ́ eegun ìhà. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè di ogún ìṣẹ́jú bó bá yá. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ni kí a dá a padà. Bí a bá ń dá a padà ní gbogbo ìgbà tó bá ti fọn, yóò mọ̀ pé fífọn ni ọ̀nà àbáyọ.

A kì í gbé e láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn oúnjẹ, torí ó lè bì í. A kì í gbé e nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí ó ṣe fẹ́ bọ́ awọ, nítorí kò ríran dáadáa. Bí ọrùn rẹ̀ bá ká sẹ́yìn tí orí rẹ̀ sì kọjú sí ọwọ́, ó fẹ́ ṣán ni. Kí a pa àpótí dé.

Bí ó bá jẹni

Eyín òjòlá tẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó bá fa ọwọ́ yọ á ya ara rẹ̀. Kí a da omi tútù sí ejò náà lójú títí yóò fi jáwọ́, ká sì fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́. Bí ó bá wé mọ́ apá, ìrù ni a ti ń tú u. Ejò máa ń ní kòkòrò àìsàn tí wọ́n ń pè ní Salmonella lára, nítorí náà fífọ ọwọ́ lẹ́yìn gbígbé pọn dandan, kò sì yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún fọwọ́ kàn án.

Bí ejò tí a kò mọ̀ bá ṣánni, kí a má gbẹ́ ojú ibẹ̀, kí a má fi okùn dì í, kí a má sì gbẹ́kẹ̀ lé òkúta dúdú. Kí a jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, kí a sì tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn Yunifásítì LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen wà níbẹ̀.

Òjòlá ńlá inú igbó, Python sebae, kò yẹ fún ọ̀sìn ilé. Ó lè gùn ju mítà mẹ́rin lọ, kò sì yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé èyí tó bá ti kọjá mítà méjì, tàbí kí ẹnikẹ́ni gbé e kọ́ ọrùn.