Bí Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Gba Owó Ilẹ̀ Nínú Àbàtà Gúúsù Ìráàkì

Ilẹ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún, tí ibi tó gbẹ lónìí lè di odò lámọ̀ọ́dún, kò ṣeé wọ̀n, kò sì ṣeé pààlà sí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Íńdíà, ní gúúsù Ìráàkì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n gba Basra lọ́wọ́ àwọn Túúkì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1914, wọ́n gba Amara ní oṣù kẹfà 1915, wọ́n sì gba Nasiriyah ní oṣù keje ọdún náà. Ogun kò tíì parí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó, nítorí ìlú tí a gbà kò ní bọ́ ara rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń sanwó. Àmọ́ ajẹ́lẹ̀ kan péré, pẹ̀lú akọ̀wé díẹ̀, ni wọ́n lè fi sí agbègbè tó gbòòrò gan-an.

Láyé ìgbà náà, nígbà tí òjò dídì orí àwọn òkè Tọ́kì bá ń yọ́, odò Tígírísì àti Yúfírétì á kún. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni omi máa ń ga jù. Omi náà á tú ká sínú ìféfe tó ga ju èèyàn lọ. Inú ìféfe yìí ni àwọn Ma'dan ń gbé pẹ̀lú ẹfọ̀n wọn, lórí erékùṣù kéékèèké tí wọ́n fi ẹrẹ̀ àti koríko mọ fúnra wọn. Wàrà ẹfọ̀n àti ẹní ni wọ́n ń tà. Ní ìhà Amara, níbi tí àwọn ẹ̀ka Tígírísì ti ń parẹ́ sínú àbàtà, ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn bí omi bá ti ń fà. Ní ìhà Yúfírétì, ní Suq al-Shuyukh tó wà nísàlẹ̀ Nasiriyah, oko dàbínù ló kún etí odò. Ìrẹsì, igi dàbínù àti ẹran ọ̀sìn ni ìjọba lè bu owó lé, kò sì sí èyí tó rọrùn láti kà láti inú ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà yanjú rẹ̀ ni pé wọn kò ka ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá ẹni tí yóò dáhùn fún ilẹ̀. Ṣéèkì ni ẹni náà. Kì í ṣe aáfà tí a mọ̀ sí ṣéèkì nílẹ̀ wa la ń wí o, bí kò ṣe olórí ẹ̀yà, ẹni tó ń kó wọn lọ sógun, tó ń parí ìjà, tó sì ń gbàlejò nínú gbọ̀ngàn ìféfe tí wọ́n ń pè ní mudhif.

Àwọn Túúkì ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú, lọ́nà méjì tí kò jọra. Òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1858 sọ pé ìjọba ló ni ilẹ̀, pé àgbẹ̀ lè gba ìwé lórí èyí tó ń dá. Midhat Pasha, tó di gómìnà Baghdad ní 1869, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní tapu. Ní agbègbè Muntafiq, níbi tí Nasiriyah àti Suq al-Shuyukh wà, ìdílé Sa'dun tó jẹ́ olórí àpapọ̀ àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ ló kó ìwé náà lé ilẹ̀ àwọn èèyàn wọn. Lójú kan náà, ẹni tí bàbá àti bàbá ńlá rẹ̀ ti ń dá oko kan di ayálégbé lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n kọ̀, wọn kò sanwó fún Sa'dun, wọn kò sanwó fún ìjọba, ìbọn ni wọ́n sì fi ń dá agbowó lóhùn. Ní Amara ẹ̀wẹ̀, ìjọba kò ta ìwé fún ẹnikẹ́ni. Ó gé ilẹ̀ sí ìpín ńláńlá tí wọ́n ń pè ní muqata'a, ó sì ń lu wọ́n ní gbàǹjo fún ọdún díẹ̀ fún ṣéèkì tó bá dá owó tó pọ̀ jù. Àwọn Túúkì fẹ́ràn gbàǹjo yìí nítorí pé ó ń mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jà: ẹni tó bá lágbára jù lónìí, wọ́n á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la fún ọ̀tá rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ètò Amara, ṣùgbọ́n wọ́n yọ gbàǹjo kúrò. Ogun ló fà á. Orí Tígírísì ni oúnjẹ àti ìbọn àwọn ọmọ ogun wọn ń gbà láti Basra lọ sí Kut, níbi tí àwọn Túúkì ti sé wọn mọ́ títí wọ́n fi juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1916. Bí àwọn ẹ̀yà etí odò bá yìnbọn lu ọkọ̀, ogun ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ṣéèkì tó ti wà lórí rẹ̀, wọ́n dín owó tí wọn yóò san kù, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ṣọ́ odò àti wáyà tí ìjọba fi ń ránṣẹ́. Henry Dobbs, tó ń bójú tó owó ilẹ̀ lábẹ́ Percy Cox, ọ̀gá àwọn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ti ṣiṣẹ́ ní Balochistan ní ẹnu ààlà Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń fi owó àti ọlá mú àwọn olórí ẹ̀yà kí wọ́n lè mú àwọn èèyàn wọn. Ètò tó mọ̀ ló gbé wá.

Bí ọdún kan ṣe ń lọ ní Amara rèé. Ajẹ́lẹ̀ àti ṣéèkì á fohùn ṣọ̀kan lórí iye rúpì Íńdíà tí muqata'a yóò mú wá. Rúpì náà ni wọ́n ń ná níbẹ̀ títí di 1932. Ṣéèkì á pín ilẹ̀ náà fún àwọn sírkáàlì, àwọn alábòójútó rẹ̀, sírkáàlì á sì pín in fún àgbẹ̀. Kí omi tó lè dé orí ilẹ̀ ìrẹsì, wọ́n ní láti fi amọ̀ àti ìféfe dí odò. Gbogbo ọkùnrin ni ṣéèkì ń pè sí iṣẹ́ yìí, láìsanwó. Ẹni tí kò bá jáde ti fi oko rẹ̀ ṣeré. Lẹ́yìn ìkórè, akọ̀wé ṣéèkì àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ oníbọn á dúró ti òkìtì ìrẹsì. Wọ́n á yọ ìpín ṣéèkì, wọ́n á yọ ti sírkáàlì, wọ́n á yọ irúgbìn àti owó tí àgbẹ̀ yá, wọ́n á tún yọ ti kọfí ilé ìgbàlejò. Ohun tó kù, tó sábà máa ń kéré sí ìdajì, ni àgbẹ̀ á gbé lọ sílé. Níbi tí kò sí muqata'a, ìjọba ń rán àwọn afojúwọ̀n lọ sí oko kí ìkórè tó dé. Wọ́n á wo irúgbìn lórí ìdúró, wọ́n á sọ iye tí yóò jẹ́, ìjọba á sì sọ ìpín tirẹ̀ di owó. Ojú ni òṣùwọ̀n wọn. Ẹni tó bá lè fi nǹkan dí ojú náà, oko rẹ̀ á kéré nínú ìwé.

Owó nìkan kò tó láti gbé ètò yìí ró, ó ní láti ní òfin. Ní 1916 ni Dobbs gbé òfin ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà jáde, èyí tí wọ́n wò lára òfin ẹnu ààlà Íńdíà. Ó yọ àwọn ará ẹ̀yà kúrò lábẹ́ ilé ẹjọ́ ìlú. Bí ẹjọ́ bá ṣẹlẹ̀, ajẹ́lẹ̀ á yan ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, wọ́n á fi àṣà dá a, ajẹ́lẹ̀ á sì fọwọ́ sí i tàbí kó fagi lé e. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé gbogbo ẹ̀yà. Owó ẹ̀jẹ̀ wà nínú àṣà náà, obìnrin sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi san án: ọmọbìnrin tí kò pa ẹnikẹ́ni á di ìyàwó nínú ilé àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn. Ìjọba mọ̀, ó sì fàyè gbà á. Èyí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ àṣà bò mọ́lẹ̀, nítorí ọwọ́ ìjọba ló sọ ọ́ di òfin. Àgbẹ̀ tí ṣéèkì bá rẹ́ jẹ, iwájú àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí ti ṣéèkì ni yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ní Suq al-Shuyukh, ètò náà ta kókó. Ẹ̀yà ibẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, sírkáàlì kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe, ṣéèkì tó kù ní orúkọ ṣùgbọ́n kò ní ẹni tó ń gbọ́ tirẹ̀, ìwé Sa'dun sì tún wà lórí ilẹ̀ kan náà. Àwọn ajẹ́lẹ̀ nílò ẹnì kan tí yóò sanwó, nítorí náà wọ́n mú ẹnì kan, wọ́n fún un ní owó oṣù àti àtìlẹ́yìn, wọ́n sì ní òun ni olórí. Ibi tí ètò yìí ti tàn jẹ jù nìyí: ìwé ìjọba ń sọ pé àṣà ni òun ń tẹ̀ lé, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ló ń gbé àṣà náà dìde.

Ọdún 1920 dán an wò. Ní òpin oṣù kẹfà, wọ́n ti Ṣéèkì Sha'lan Abu al-Jun mọ́lé ní Rumaitha nítorí gbèsè tó jẹ ìjọba. Àwọn èèyàn rẹ̀ wá fi ìbọn tú u sílẹ̀, ogun sì gba Yúfírétì kan. Ọdún méjì ṣáájú, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà, owó orí ló dá ogun Adùbí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n Amara dákẹ́ ní tirẹ̀. Àwọn ṣéèkì ńlá ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n lè pàdánù. Láti oṣù kẹwàá 1922, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìṣọ́ Ìráàkì, ọkọ̀ òfuurufú sì di agbowó: ní ìparí 1923, bọ́ǹbù ni wọ́n fi dá àwọn ẹ̀yà Bani Huchaim tó kọ̀ láti sanwó ní agbègbè Samawa lóhùn.

Ìjọba Ọba Faisal, tí wọ́n fi jẹ ní 1921, kò tú ètò yìí ká. Òfin ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà wà lẹ́sẹ̀ ilẹ̀ lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1925, àwọn ṣéèkì sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1932, lẹ́yìn ìwádìí tí Ernest Dowson, ará Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ nípa ọ̀ràn ilẹ̀, ṣe, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ orí rẹ̀. Ní 1933, òfin mìíràn ní àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ kúrò lóko kó tó san án tán. Àwọn tó mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ yóò mọ irú ayé tí èyí dá sílẹ̀. Ìwọ̀fà nílẹ̀ wa ń ṣiṣẹ́ sin èlé títí wọ́n fi san owó tó wà lọ́rùn rẹ̀. Àgbẹ̀ Amara ń rí gbèsè rẹ̀ tó ń ga sí i ní ìkórè kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ẹni tó yá a lówó sì ni omi, ilẹ̀ àti ìbọn wà. Ní Majar al-Kabir, Majid al-Khalifa ti ẹ̀yà Albu Muhammad di ọ̀kan lára àwọn tó ní ilẹ̀ jù ní gbogbo Ìráàkì.

Òfin 1933 náà kò dá àwọn àgbẹ̀ dúró. Wọ́n sá lóru, wọ́n gba Baghdad lọ, wọ́n sì fi ìféfe àti amọ̀ kọ́ ahéré sí eteetí ìlú, débi pé lẹ́yìn 1958 ni ìjọba Abdul Karim Qasim, ọ̀gágun tó dojú ìjọba ọba dé lọ́dún náà, kọ́ àdúgbò al-Thawra fún wọn. Ìjọba yẹn kan náà ló fagi lé òfin ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1958 ló tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ju 1,000 dunum ilẹ̀ tí wọ́n ń fa omi sí lọ, èyí tó jẹ́ hẹ́kítà 250. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ṣéèkì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Dobbs ni ọwọ́ ṣéèkì ti jẹ́ ibi tí pípe èèyàn sí ìdídò àti pínpín omi wà, ìjọba kò sì tètè rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ tuntun ń wá omi tí yóò fi gbìn ín.