Bí owó Àbújá ṣe ń dé ọjà Ìgbọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ta ìrẹsì ní ọjà Ìgbọ̀nà, Òṣogbo, ló ní ìwé àwìn nítòsí igbá. Orúkọ oníbàárà wà níbẹ̀, iye kóńgò wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dá ọjọ́ kan náà: tí owó oṣù bá wọlé. Àbújá ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù yẹn ti ń bọ̀.

Owó epo, owó ẹnubodè àti owó orí àwọn iléeṣẹ́ máa ń bọ́ sínú àpò kan lóṣooṣù. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìdá 13 nínú 100 owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Nínú èyí tó ṣẹ́ kù, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú 100, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ 20.60. Ìdá 40 nínú 100 owó àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń pín lọ́gbọọgba, yálà ìpínlẹ̀ ń ṣe nǹkan jáde àbí kò ṣe. Owó yìí ló ń gbé Ọ̀ṣun ró láti 1991 tí wọ́n ti yọ ọ́ lára Ọ̀yọ́.

Àmọ́ owó tí Àbújá ń pín kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀, ìdí nìyí tí Èkó, níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí, fi ń lọ níwájú. Òṣogbo náà ní iléeṣẹ́ irin, èyí tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú ti Jos àti Katsina. Irin tí wọ́n yọ́ ní Aladja, ní ìpínlẹ̀ Delta, ló gbójú lé. Nígbà tí irin yẹn kò wá déédéé mọ́, ẹ̀rọ dákẹ́, ìlú sì padà gbára lé òwò àti iṣẹ́ ìjọba. Àdánù ńlá gbáà ni, nítorí ọmọ tó bá kọ́ iṣẹ́ irin lè fi jẹun níbikíbi.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 2014, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun lo oṣù mélòó kan láìgba owó. Láti 2015 di 2018, ìdajì ni àwọn tí ipò wọn ga ń gbà. Ìwé àwìn Ìgbọ̀nà kún.

Ọjà àti ibùdókọ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n àpò tí ìpínlẹ̀ ń dì mú ni owó rẹ̀ máa ń gbà kọjá. Ní oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn.