Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tẹ́ ẹ wà: ọ̀rọ̀ látẹnu ẹni tó ń gbé ìpè 999

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ìpè àwọn tó bá pe ọlọ́pàá lórí 999 ní England níbí. Mi ò wọ yunifọ́ọ̀mù, mi ò láṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a jókòó sí kọntiróòlù rúùmù kì í ṣe ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ yìí nìkan ni wá, a ti de hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì mọ́ etí, kíbọ́ọ̀dù wà níwájú, à ń gbọ́ à ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn wa pọ̀ nílùú yìí, tí Yorùbá bá wà lórí láìnì mo máa ń mọ̀, kódà tó bá jẹ́ òyìnbó ló ń sọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ, ibi ìkíni àti àlàyé lọ̀pọ̀ wọn ń ná an sí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn, kò sẹ́ni tó là á yé wọn rí ni.

Tẹ́ ẹ bá tẹ 999 (tàbí 112, ibì kan náà ni méjèèjì ń lọ níbí), kì í ṣe ọlọ́pàá lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ópárétọ̀ BT, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ló máa gbé e, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní fún yín: ta lẹ ń fẹ́, ọlọ́pàá ni, pánápaná ni, ámbúláǹsì ni, àbí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Ẹ má tíì ro ẹjọ́ fún ẹni yẹn o, ẹ ṣáà ti sọ pé "police", á so yín mọ́ wa. Ètò 999 yìí bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1937, iná ló sì fà á. Lọ́dún 1935 ilé kan jóná ní Wimpole Street, obìnrin márùn-ún kú síbẹ̀, aládùúgbò kan tó ń pe pánápaná wà lórí láìnì tí wọ́n dá a dúró pẹ̀lú àwọn tó kù, inú bí i, ó kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn. Látorí ìyẹn ni wọ́n ti wá ọ̀nà tí ìpè ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu fi máa ṣáájú ti ẹni tó kàn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ mi, ibi tẹ́ ẹ wà ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè, kó tó kan ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí ẹ̀ ò ju pé tí láìnì bá já báyìí tí mo ti mọ ibẹ̀, mọ́tò lè máa lọ bí mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan míì, ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ gbogbo ìtàn tán tí mi ò mọ àdírẹ́sì, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe fún yín, mo kàn máa jókòó síbẹ̀ ni. Àwa kẹ̀, bá a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nílé ni pé ká kí èèyàn, ká wá mú u látìdí: "Ẹ káalẹ́ ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọkọ àbúrò mi yìí, látìgbà tí wọ́n ti dé láti Ìbàdàn ló ti ń..." Ọmọlúàbí nìyẹn, mi ò bá a jà, àmọ́ lórí 999 ẹ jẹ́ kó dúró ná. Kò sí ìwà àfojúdi nínú kẹ́ ẹ kàn la póòsìkóòdù mọ́ mi létí. Bó ṣe yẹ kó jáde lẹ́nu yín nìyí: nọ́ńbà ilé, títì, ìlú, lẹ́yìn ẹ̀ "wọ́n ń já ilẹ̀kùn mi".

Òótọ́ ni pé fóònù tòde òní máa ń fi lọkéṣọ̀n yín ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá pe 999. Ó ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an, ẹ má wá tìtorí ẹ̀ dákẹ́ o. Ohun tí mò ń rí lórí síkírììnì ni òbìrí kan lórí máàpù, nígbà míì òbìrí yẹn kéré, nígbà míì ó bo gbogbo títì. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ilé alájà méjìlá, kò lè sọ fún mi pé àjà kẹsàn-án lẹ wà, nọ́ńbà fúláàtì ńkọ́, bọ́tìnnì wo ni wọ́n máa tẹ̀ nísàlẹ̀ kí géètì tó ṣí? Ẹ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ìgboro ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tẹ́ ò mọ títì, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sára bọ́sítọ́ọ̀pù, ẹ wo òpó iná, nọ́ńbà wà lára púpọ̀ nínú wọn, ẹ ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yín. Lórí mọ́tòwéè, òpó kéékèèké wà létí ọ̀nà ní gbogbo mítà 100, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ máa sọ fún wa ibi tẹ́ ẹ wà gan-an. Tó bá sì jẹ́ ilé ẹlòmíì lẹ lọ kí, ẹ mú lẹ́tà tàbí páálí Amazon kan nílẹ̀, àdírẹ́sì wà lórí ẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, 112 lẹ̀yin náà ń pè, ọ̀fẹ́ ni, Èkó tún ní 767, ọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ wà yìí sì tún ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ yín jù, ẹ dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé epo, ohun tí awakọ̀ lè rí látinú mọ́tò.)

Ibi tí ìjà máa ń wà láàárín àwa àtẹni tó ń pè ni ọ̀rọ̀ ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe máa ń rí hàn yín. Ààjìn òru ni, obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ẹ̀. Ó ti sọ àdírẹ́sì. Mo bi í pé èèyàn mélòó ló ń gbọ́ lóde, ó ní òun ò mọ̀. Mo ní ta ló tún wà nínú ilé, ó ní ọmọ òun méjì, wọ́n ń sùn. Mo ní ilẹ̀kùn yàrá yẹn ṣeé tì àbí kò ṣeé tì, bẹ́ẹ̀ ló fi ìbínú sọ pé, "Ẹ yéé bi mí ní ìbéèrè, ẹ máa bọ̀!" Ohun tí kò mọ̀ ni pé mọ́tò ti kúrò nílẹ̀ látìgbà tó ti sọ gbólóhùn kejì. Ẹni tó ń gbé fóònù ọ̀tọ̀, ẹni tó ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lórí rédíò ọ̀tọ̀, ohun tí mò ń tẹ̀ ń yọ sí síkírììnì ẹnì kejì yẹn bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà nínú mọ́tò. Gbogbo ìdáhùn tí obìnrin yẹn ń fún mi, etí àwọn tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ tààrà. "Ọmọ méjì lókè, ẹni yẹn wà ní ẹ̀yìnkùlé" túmọ̀ sí pé ọlọ́pàá kan máa gba iwájú, èkejì á gba ẹ̀yìn. Nítorí náà tí mo bá ń bi yín, ẹ dá mi lóhùn ní kúkurú, ìbéèrè mi ò dá mọ́tò kankan dúró.

Ìbéèrè ọ̀bẹ àti ìbọn lèyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ní Britain ò gbé ìbọn. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni yẹn gbé ìbọn lọ́wọ́, kì í ṣe àwọn ọlọ́pàá tẹ́ ẹ máa ń rí ládùúgbò la máa kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé, àwọn oníbọn la máa wá, ètò ọ̀tọ̀ ni, gbogbo ojú ọ̀nà yín lè tì pa. Àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i kí ọlọ́pàá lè tètè dé, wọ́n á ní ó mú ọ̀bẹ dání nígbà tí kò mú nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, ẹni tí wọ́n bá bá nílé yẹn ẹ̀gbọ́n yín ni o, tàbí ọmọ yín, irú ọwọ́ tí wọ́n sì máa fi mú un, ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa pinnu ẹ̀. Tẹ́ ò bá rí ọ̀bẹ, ẹ ní ẹ ò rí i. Ewu tó wà nílẹ̀ la fi ń to àwọn ìpè. Ní London, ìpè tó bá gba àmì "I", àfojúsùn wọn ni kí ọlọ́pàá dé láàárín ìṣẹ́jú 15, èyí tó bá gba "S", láàárín wákàtí kan. Ọkọ̀ tí wọ́n jí lánàá, tó jẹ́ pé àárọ̀ yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti jí i, ẹ pe 101 fún ìyẹn, nọ́ńbà ọlọ́pàá fún ohun tí kì í ṣe pàjáwìrì.

Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bóyá ẹni tó ń lù ú wà nínú yàrá kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tẹ́ ẹ bá ti pe 999 tẹ́ ẹ sì dákẹ́, ọlọ́pàá á kúkú wá. Irọ́ ni, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ ọ́ nílé ìjọsìn, ẹ bá mi sọ ọ́ nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp obìnrin. Ìpè tí kò sẹ́ni tó fọhùn pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ fóònù tó tẹ ara ẹ̀ nínú àpò, lọ́dún 2023 gan-an ó pọ̀ sí i torí àwọn fóònù Android tó máa ń pe 999 tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ léraléra. Ópárétọ̀ máa ní kẹ́ ẹ wúkọ́ tàbí kẹ́ ẹ gbá ojú fóònù, ẹ ṣe é. Tẹ́ ò bá lè ṣe é tó sì jẹ́ fóònù alágbèéká, ohùn ẹ̀rọ kan máa ní kẹ́ ẹ tẹ 55. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn, tẹ́ ò bá tẹ̀ ẹ́, ìpè yẹn máa já síbẹ̀. 55 yẹn fúnra ẹ̀ kò sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ó kàn ń gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa ni, a ó wá máa bi yín ní ìbéèrè tẹ́ ẹ lè fi títẹ bọ́tìnnì dáhùn. Fóònù ilé tó ní wáyà yàtọ̀, 55 ò sí lórí ìyẹn, ópárétọ̀ á máa fetí sílẹ̀, tó bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn tí kò sì lè pinnu, á so yín mọ́ wa. Ẹni tó bá jẹ́ adití, kó tètè fi ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999 lórí fóònù ẹ̀ kí wàhálà tó dé, lẹ́yìn ìyẹn ó lè máa fi tẹ́ẹ̀sì pè. Tó bá sì jẹ́ àṣìṣe lẹ fi pè, ẹ má gé e, ẹ dúró kẹ́ ẹ sọ pé àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Mo mọ̀ pé ìwé ìgbélùú ni kì í jẹ́ káwọn kan pè. Mi ò ní purọ́ fún yín nípa ohun tí àwọn ọ́fíìsì míì ń ṣe, ti ìdí iṣẹ́ mi nìkan ni mo lè sọ: kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ bèèrè físà ká tó rán mọ́tò sí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n á wádìí yín dáadáa, wọ́n á kọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ á jókòó tì yín tí ẹ ó jọ máa gbọ́ ìpè kan náà, ṣíìfìtì òru ń bẹ, Kérésì ń bẹ. Ohun tó nira níbẹ̀ ju ariwo àti èébú lọ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ là ń gbọ́, a kì í sábà mọ ibi tó já sí, tí ọlọ́pàá bá ti wọlé láìnì á gé, òmíràn á wọlé. Ẹni tí kò bá lè gbà bẹ́ẹ̀, á máa gbé e lọ sílé.

Ẹ̀yin tí màmá yín wá láti ilé wá bá yín tọ́jú ọmọ, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ẹ lọ síbi iṣẹ́, màmá nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ jòjòló, òyìnbó ẹnu ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ fún un ní fóònù tó ní síìmù nínú, torí níbí fóònù tí kò ní síìmù ò lè pe 999, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí owó bá wà lórí ẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ méjì péré, "police" àti "Yoruba". Tó bá sọ "Yoruba" fún wa, a lè wá ògbufọ̀ sórí láìnì kan náà, ó máa ń gba àsìkò díẹ̀, kó má gé fóònù. Ẹ wá kọ àdírẹ́sì àti póòsìkóòdù sórí páálí gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, kẹ́ ẹ sì ní kí màmá kà á sókè sí yín létí kẹ́ ẹ tó jáde, kí lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn yọ ketekete, tó bá ti jẹ́ pé "B" àti "P" ń pa pọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ tún un kà pẹ̀lú wọn.