Èló ló yẹ kí aṣọ àfọwọ́hun jẹ́?

Ìbéèrè: Ní Bùnú àti ní Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ahunṣọ lè ta gbogbo aṣọ rẹ̀ tán, kó má sì rí owó tó máa fi ra òwú mìíràn. Kí ló fà á?

Owó òwú nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà. Ká ní òwú jẹ́ ₦10,000, tó ta aṣọ náà ní ₦15,000, á ní òun jèrè ₦5,000. Ta ló wá ta òwú sórí òfì? Ta ló ń fi apásà gbá a mọ́ra títí ẹ̀yìn fi ń ro ó? Bí iṣẹ́ náà bá gba ọjọ́ mẹ́fà, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ₦5,000 yẹn, kò sì tó ₦1,000 lóòjọ́. Bó bá pe alágbàṣe sí oko iṣu rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, á san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un láìjanpata. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ni kò ka ara rẹ̀ sí òṣìṣẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe yẹ kó ṣírò rẹ̀?

Owó òòjọ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó lé díẹ̀ ní ₦3,180 lóòjọ́. Ẹni tó ti ń hunṣọ láti kékeré kò gbọ́dọ̀ gba iye yẹn nìkan. Ká fi í sí ₦5,000. Ọjọ́ mẹ́fà, tí ọjọ́ tó fi ta òwú sórí òfì wà nínú rẹ̀, jẹ́ ₦30,000. Òwú ₦10,000. Aró, owó ọkọ̀ dé Kàbà àti àtúnṣe òfì, ₦2,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦42,000, èrè kò sì tíì wọ̀ ọ́ o! Èrè ni yóò gbé e ró lóṣù tí ọjà ò bá tà. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, ó di ₦46,200. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe. Ẹ fi iye tí òwú jẹ́ lọ́dọ̀ yín rọ́pò tèmi.

Ìbéèrè: Bí oníbàárà bá ní ó ti wọ́n jù ńkọ́?

Ẹ hun èyí tó kéré sí i fún un, tàbí èyí tí iṣẹ́ ara rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má gé owó iṣẹ́ yín.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ìbátan?

Ẹ dárúkọ owó rẹ̀ ní pípé kí ẹ tó yọ ti ẹbí kúrò, kó lè mọ ohun tí ẹ fún òun.

Ìbéèrè: Ìlọ́po méjì ni wọ́n ń tà á l'Ábùjá. Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ?

Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń san owó ilé, iná àti òṣìṣẹ́, aṣọ sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ló ń mú ìlàjì owó tí wọ́n bá tà á. Ìrẹ́jẹ ni bí owó iṣẹ́ yín kò bá pé lọ́wọ́ yín kí aṣọ tó kúrò nílé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí iṣẹ́ ẹnì kan fi ń wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ?

Orúkọ wà níbẹ̀. Ògìdì ní Ìjùmú ni ìlú Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aṣọ àti àdìrẹ, tí wọ́n bí ní 1951. Ẹni tó bá ra iṣẹ́ rẹ̀ lónìí ra orúkọ náà pẹ̀lú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ aṣọ ń kúrò lọ́dọ̀ wa láìsí ẹni tó mọ ẹni tó hun ún. Ẹ rán orúkọ yín, ìlú yín àti ọdún mọ́ etí rẹ̀.

Ìbéèrè: Aṣọ ipò àtijọ́ ńkọ́?

Ìyẹn yàtọ̀. Aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì ní Bùnú kò ṣeé fi ọjọ́ iṣẹ́ díye lé. Ìtàn rẹ̀ ló níye lórí: ta ló hun ún, ìsìnkú ta ni wọ́n fi ṣe, ṣé odindi ló ṣì jẹ́? Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gé e. Ẹ kọ ohun tí àwọn àgbà bá rántí nípa rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó, ẹ bi ẹbí bóyá ẹnì kan ló ni ín, tàbí gbogbo ilé.